Ohùn Tó Ń Pe Orúkọ Mi

Ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ pákó wa kì í ṣí fún ẹni tí kò bá tíì gba ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì àárọ̀. Ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé inú etí ni olùkọ́ kálukú wa, ohùn ẹni tó bá sì wu èèyàn ló ń lò. Nígbà tí ìyàwó mi kú, Mojírádé ọmọ wa fi ohùn ìyá rẹ̀ sínú tèmi.

"Káàárọ̀, Ládèjọ," ni ohùn náà máa ń fi Gẹ̀ẹ́sì kí mi.

Títí ìyàwó mi fi kú, kò pe orúkọ mi rí. Bí inú bá tilẹ̀ ń bí i, "Bàbá Mojí, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀," ni yóò wí. Mo fara dà á fún oṣù mélòó kan, nítorí pé ohùn náà dùn mọ́ mi. Nígbà tó yá, mo ní kí Mojí pa á rẹ́.

"Bàámi, tí mo bá pa á rẹ́, a ò lè rí i gbà padà mọ́ o. Ṣebí ohùn Màámi ni?"

"Ohùn rẹ̀ ni. Ìyàwó mi kọ́."

"Ẹ mà le o! Ẹ kúkú dágbére fún un."

Mo gbà. "Ìyá Mojí," ni mo wí, "o ṣeun. Sùn re o."

"Gẹ̀ẹ́sì nìkan, Ládèjọ," ni ó fèsì, pẹ̀lú ohùn tútù tí ìyàwó mi fi máa ń bá àlejò sọ̀rọ̀.

Mo yọ ọ́ kúrò ní etí, mo gbé e lé Mojí lọ́wọ́. Ó ń sunkún. Mo ní kó tètè ṣe é, kí n tó yí ọkàn padà.