Ohun Tó Wú Lábẹ́ Kóòtù Royce

Láti ìgbà tí Nadine ti fẹ́ Royce, kò tíì rí i kó jáde nílé láìfi ìbọn ìléwọ́ sí ìbàdí. Ì báà jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ì báà jẹ́ ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀, ìbọn ń bẹ lábẹ́ aṣọ. Ní ìlú wọn ní Texas, kò sẹ́ni tó ka ìyẹn sí nǹkan. Ìwé àṣẹ rẹ̀ pé, ìbọn náà ló sì ń bọ́ wọn, torí báǹkì ni Royce ń ṣọ́.

Àmọ́ ẹnu géètì bárékè ni agbára ìwé àṣẹ yẹn ń pin sí. Gbogbo ará ìlú ló mọ̀, wọ́n sì máa ń gbàgbé. Dwight, aládùúgbò wọn, gbàgbé lọ́dún tó kọjá, nígbà tó ń kó àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ wo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ṣọ́jà nínú bárékè náà. Wọ́n bá ìbọn lára rẹ̀. Ìwé àṣẹ lọ, iṣẹ́ lọ, díẹ̀ ló kù kó ṣẹ̀wọ̀n. Òun ni Nadine ń rò láàárọ̀ Sátidé tí àwọn náà fẹ́ lọ síbẹ̀, nígbà tí Royce wọ kóòtù nínú ooru, tí nǹkan sì wú lábẹ́ rẹ̀.

Apá òsì ló ti wú, bẹ́ẹ̀ apá ọ̀tún ni Royce ń fi ìbọn sí. Nadine gbà pé torí àwọn ṣọ́jà ló ṣe pààrọ̀ àyè fún un. Lánàá, Royce ní òun ń lọ pààrọ̀ táyà, ó pẹ́ níta, táyà àtijọ́ ló sì gbé wálé. Ó dájú pé àpò ìbọn tuntun ló lọ rà. Nadine fẹ́ gbá a mọ́ra kó lè fọwọ́ kàn án, Royce yẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ò tíì wẹ̀.

Nadine ní ṣé wọn ò lè dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Royce ní rárá, ọwọ́ òun máa dí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n ti gbé àwòrán Lyle kọ́ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó kú lógun aṣálẹ̀, ó sì fẹ́ fojú kàn án.

Ṣọ́ọ̀bù kan wà ní òdìkejì géètì tó ń bá àlejò tọ́jú ìbọn. Ẹni tó bá bi Royce léèrè ìbọn rẹ̀ ti fọwọ́ fa ìjà, nítorí náà Nadine rọra ní kí wọ́n yà níbẹ̀.

"Kí la fẹ́ ṣe níbẹ̀?"

"Bóyá o ní nǹkan tó o fẹ́ fi pamọ́."

"Ìwọ nìkan ni mo ní, wọn ò sì ní gbà ẹ́."

Nadine ò rẹ́rìn-ín. Royce wa mọ́tò kọjá ṣọ́ọ̀bù náà.

Ṣọ́jà kan, ọ̀dọ́mọbìnrin, gba ìwé ìdánimọ̀ wọn lẹ́nu géètì. "Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣé ẹ ò gbé ìbọn dání?"

"Mi ò gbé e," ni Royce wí, ojú rẹ̀ ò sì ṣẹ́.

Inú bí Nadine. Ọkùnrin tí kì í parọ́ fún agbowó orí pàápàá! Ó di báàgì rẹ̀ mú, ó sì tẹ̀ lé e wọlé.

Nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, Royce ń rìn bí ẹni tó ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó dé iwájú àwòrán Lyle, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ kóòtù, ó tẹ nǹkan kan, ó yọ ọwọ́. Ṣọ́jà tó dúró ní igun yíjú sí wọn. Nadine ní kí wọ́n máa lọ sílé, ẹran yíyan wà nílẹ̀. Royce ní ó ku hẹlikópítà tó wà lókè, irú èyí tí Lyle wà.

Ó dé àárín àtẹ̀gùn, ó dúró, ọwọ́ rẹ̀ tún wọ abẹ́ kóòtù. Ṣọ́jà kúrò ní igun, ó ń bọ̀.

"Sà, ṣé kò sí nǹkan?"

Nadine sáré dì mọ́ ọkọ rẹ̀, ó fi ara bo ibi tó wú. Ó ní kò sí nǹkan kan, àtẹ̀gùn ló rẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́ sí i létí:

"Gbé e fún mi, Royce. Màá fi sínú báàgì. Bí wọ́n bá máa mú ẹnì kan, kí wọ́n mú èmi."

"Nadine, má fà á."

Ó ti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó ti fà á.

Wáyà ló bá ọwọ́ rẹ̀ jáde, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí nọ́ọ̀sì fi lẹ̀ mọ́ àyà Royce lánàá, láti ara ẹ̀rọ kékeré tí ilé ìwòsàn fi ń ṣọ́ ọkàn tí wọn ò fọkàn tán.