Abẹ́rẹ́ Aláyà-irin

Nígbà tí àwọn òbí ti kó àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi lọ tán, olùkọ́ wọn fọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó nu àwọn tábìlì kéékèèké, ó sì jókòó de ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwọn ọmọ náà ti wúkọ́ títí ẹ̀rù fi bà á. Ọ̀kan tiẹ̀ sín sí i lójú gbangba níbi tó ti ń bá a so okùn bàtà.

Wọ́n bí olùkọ́ yìí pẹ̀lú ihò nínú ọkàn. Wọ́n ti rán an nígbà tó wà ní kékeré, àpá rẹ̀ ṣì wà láyà rẹ̀ títí dòní. Dókítà ti kìlọ̀ fún un pé ikọ́ tó gbòde yìí, tí ẹlòmíì máa dùbúlẹ̀ fún tí á sì dìde, lè dá ọkàn tirẹ̀ dúró. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà, àmọ́ kò pọ̀. Àwọn tí ọkàn wọn ní àrùn bíi tirẹ̀ ni wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún, ẹyọ kan fún káàdì kan. Ẹni tí kò bá rí i gbà, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú, ẹ̀gbọ́n ló ń tọ́jú káàdì ọsibítù rẹ̀. Òun náà ló sọ ọ́ ní Aláyà-irin.

Ẹ̀gbọ́n dé pẹ̀lú aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn tó fi ń ṣiṣẹ́ ní báńkì. Olùkọ́ fẹ́ dì mọ́ ọn, ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Má fi ikọ́ ọmọ ọlọ́mọ kùn mí lára o, Aláyà-irin. Wọ́n ti gbé èèyàn méjì lọ sí ọsibítù ní báńkì wa."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé káàdì wà lọ́wọ́ yín?"

"Ó wà. Àmọ́ ṣé òní náà ni dandan? Ara mi ń gbóná díẹ̀. Jẹ́ ká fi di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Tó bá wá tán ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Nìṣó."

Nínú bọ́ọ̀sì, ó ní kí àbúrò òun jókòó sí ọ̀tún òun.

"Ẹ̀rù abẹ́rẹ́ yìí ń bà mí," ni olùkọ́ wí.

"Ìwọ tí wọ́n ti fi ọ̀bẹ là láyà? Kò dunni. Bí ìgbà tí èèrà bá géni jẹ ni."

Nígbà tí wọ́n dé ọsibítù, nọ́ọ̀sì tó wà lórí àga ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ọ̀sán ni. Owú róbótó-róbótó àti pílásítà tí wọ́n ti gé sílẹ̀ wà nínú abọ́ níwájú rẹ̀. Ó tẹ nọ́ńbà káàdì náà sínú kọ̀ǹpútà. Ó tún un tẹ̀.

"Wọ́n ti fún yín, mà. Láàárọ̀ yìí, kí n tó dé."

"Èmi? Kíláàsì ni mo wà láàárọ̀!"

Ẹ̀gbọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún gbá tábìlì. "Olè! Ẹ ti tà á fún olówó! Ṣé ẹ rí ọmọ yìí? Ẹ̀yìn mi ló wà nígbà tí a gbé e lọ fún iṣẹ́ abẹ!"

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, mi ò mú nǹkan kan," ni nọ́ọ̀sì wí. Omi ti lé ròrò sí i lójú.

"Ẹ pe ọlọ́pàá fún un," ni ọkùnrin kan sọ láti orí bẹ́ǹṣì.

"Ó tó, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má bú u mọ́," ni olùkọ́ bẹ̀ ẹ́. Síbẹ̀, inú rẹ̀ dùn díẹ̀ pé òun lẹ́ni tó lè jà fún òun báyìí. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó tún wúkọ́. Ikọ́ náà tì í síwájú, ó sì na ọwọ́ gbá apá òsì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú kó má baà ṣubú.

"Yéè!" ni ẹ̀gbọ́n ké, ó já apá náà gbà, ṣùgbọ́n ìka olùkọ́ ti kàn án lábẹ́ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà: owú róbótó kan, tí wọ́n fi pílásítà lẹ̀ mọ́ òkè apá.