Aránṣọ Tó Fẹ́ Dín Núdù Gbogbo Ilé Lẹ́ẹ̀kan

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó gbé agbada kaná, nítorí ohun tó ṣe aránṣọ yìí lè ṣe èyíkéyìí nínú wa.

1.
Aránṣọ kan wà tí ọwọ́ rẹ̀ yá bí ẹ̀rọ. Aṣọ iléèwé ló ń rán. Kì í gé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Yóò tẹ́ aṣọ léra wọn lórí tábìlì, ìpele lórí ìpele, yóò ti àlùmọ́gàjí ńlá bọ̀ ọ́, apá aṣọ odindi kíláàsì yóò sì bọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá yìn ín, á ní, "Èmi ò mọ díẹ̀díẹ̀. Gé e lẹ́ẹ̀kan, kó tán."

Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn ún. Ìyá ọkọ rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ìyá yìí sì fẹ́ràn núdù díndín tí obìnrin kan ń tà níkángun àdúgbò, èyí tó ní kárọ́ọ̀tì, kábééjì àti tàtàṣé, tí wọ́n ń dì sínú ike fúnni gbé lọ. Bí ìyá bá jẹ ẹ́ tán, á rọra fọwọ́ pa ikùn rẹ̀, á ní, "Ọmọ yẹn mọwọ́ oúnjẹ. Ì bá jẹ́ ọmọ mi ló fẹ́ ẹ."

Ọ̀rọ̀ yẹn ń gún aránṣọ bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n gbàgbé sínú aṣọ. Látìgbà tó ti wọlé ọkọ, ìyá ò fọwọ́ pa ikùn lórí oúnjẹ tirẹ̀ rí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló fẹ́ kó ṣe é.

2.
Nígbà tó gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ àti àwọn ará ilé rẹ̀ ń bọ̀ wá kí ìyá, ó dìde láàárín pálọ̀.

"Màámi, èmi ni n ó dín núdù lọ́jọ́ náà. Ẹnikẹ́ni ò tún ní rà á níta mọ́ nínú ilé yìí."

Ìyá wò ó láti òkè délẹ̀. "Ìwọ?"

"Èmi, Màámi."

"Ó dáa. Ọlọ́run á fún wa jẹ."

Aránṣọ bá gba ọ̀dọ̀ oní-núdù lọ, ó ní òun kàn ń kọjá ni, ó wá béèrè bó ṣe ń dín in. Oní-núdù ò fi nǹkan kan pamọ́.

"Àǹtí, iná ni kó le. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀fọ́ gbẹ dáadáa lẹ́yìn tí ẹ bá fọ̀ ọ́. Ẹ má sì kún agbada o. Oúnjẹ ẹni méjì ni kí ẹ máa dín lẹ́ẹ̀kan."

Aránṣọ yínmú. "Díẹ̀díẹ̀ báyìí di ọdún wo? Epo àti iyọ̀ ṣáà ni. Kí ló wà ńbẹ̀ tó gba iléèwé?"

Gbogbo àwọn tó tò síbẹ̀ yíjú. Oní-núdù rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kò burú, àǹtí. Ẹ kú iṣẹ́."

Ẹ rí i? Ẹni tó là á lọ́yẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ló bú yẹn.

3.
Ọjọ́ pé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ dé. Bíríkìlà ni, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ tẹ̀lé e.

Aránṣọ gbé ìkòkò tí wọ́n fi ń gbé omi ìwẹ̀ kaná. Ó bọ gbogbo núdù pọ̀. Kò sẹ́ omi rẹ̀ dànù. Ó fi í sínú omi gbígbóná, ó ní kí òun sáré lẹ kọ́là aṣọ kan. Nígbà tó padà dé, núdù ti wú bí ẹsẹ̀ aláìsàn. Ó to ewé kábééjì léra wọn, ó gé e. Ká sọ òótọ́, gígé yẹn dára. Àmọ́ omi ń kán tótó lára ẹ̀fọ́ náà nígbà tó da gbogbo rẹ̀ sínú epo nínú ìkòkò ńlá mìíràn, núdù, ẹ̀fọ́ àti sọ́ọ̀sì dúdú, lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tó yẹ kó dún ṣàà, ó ń dún gbúlúgbúlú. Òkè di ọbẹ̀, ìsàlẹ̀ ń jó.

Ọkọ rẹ̀ yọjú. "Ṣé kí n lọ ra díẹ̀ sílẹ̀?"

"Bàbá ọmọ mi, ẹ jáde fún mi."

Ó fẹ́ kí omi náà gbẹ, ló bá fi kún iná, ó dé e lómọrí, ó sì ń gbàdúrà.

4.
Ó gbé ìkòkò wá sí pálọ̀, ó dojú rẹ̀ dé orí tíréè ńlá. Núdù jáde lódindi, bí ìkòkò ṣe rí gan-an ló rí, ìdí rẹ̀ dúdú bí èédú. Kò wó.

"Mọ́mì," ọmọ rẹ̀ ní, "ó ń dá dúró."

Bíríkìlà fi ṣíbí kàn án, kó-kó-kó. "Ìyàwó wa, tí a bá rí bíi mẹ́wàá sí i, ògiri ilé mi á parí."

Aránṣọ ń wo ìyá ọkọ rẹ̀ nìkan. Ìyá yí tíréè náà po, ó wò ó lẹ́yìn, ó wò ó níwájú.

"Ẹ lọ bá mi mú àlùmọ́gàjí rẹ̀ wá," ló sọ jẹ́jẹ́. "Ká gé e lẹ́ẹ̀kan, kó tán."

5.
Ebi ń pa àlejò. Aránṣọ fúnra rẹ̀ ló gbé kúlà lọ síkángun àdúgbò.

"Àǹtí, ẹ káàbọ̀," oní-núdù ní. "Epo àti iyọ̀ nìkan ló kù o. Ṣé ẹ ṣì fẹ́?"

Àwọn tó tò síbẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. "Mo fẹ́, ẹ jọ̀ọ́," aránṣọ dáhùn. Ó dúró, ó ń wo bí obìnrin náà ṣe ń dín in ní ẹni méjì-méjì, tí ẹ̀fọ́ gbígbẹ ń dún ṣàà, tí kò sì pẹ́ kó tó jáde.

Ìyá jẹun lójú gbogbo ẹbí. Ó fọwọ́ pa ikùn, lórí oúnjẹ ẹlòmíì.

Láti ọjọ́ náà, "Gé-e-lẹ́ẹ̀kan" ni wọ́n ń pe aránṣọ. Àwọn tó ń gbé aṣọ iléèwé wá pàápàá á kan ilẹ̀kùn, wọ́n á ní, "Ṣé Gé-e-lẹ́ẹ̀kan wà nílé?" Ó ń dín núdù nílé báyìí, díẹ̀díẹ̀, ẹ̀fọ́ rẹ̀ sì ń gbẹ kó tó kan epo. Ìyá ti ń gbé ọwọ́ dé àyà. Ọwọ́ náà ò tíì dé ikùn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ o. Ọgbọ́n tó gbé yín ga nídìí iṣẹ́ kan lè dójú tì yín nídìí òmíràn. Bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá ń sọ fún yín, ẹ má yínmú, ẹ tẹ́tí. Ẹ má sì kún agbada. Òkèlè gbòǹgbò ní í fẹ ọmọ lójú.