Kẹ̀kẹ́ Tó Ń Júwe Ọ̀nà Ilé Ìyá Dúró

Ẹ̀yin ọmọdé, ọ̀dàn kan wà ní ìhà òkè tí òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ sí. Ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ, iyanrìn pọ̀ níbẹ̀, koríko rẹ̀ sì pọ́n bí awọ kìnnìún. Àwọn àgbẹ̀ tó ń gbé ibẹ̀ jìnnà síra wọn, ilé wọn kì í sì í hàn láti ojú títì. Ìdí nìyẹn tí olúkúlùkù fi ń gbé àmì tirẹ̀ sí oríta tí wọ́n ń gbà wọ oko rẹ̀. Ẹnì kan gbé ìwo màlúù kọ́ orí òpó, ẹlòmíràn ri táyà mọ́lẹ̀ dé ìdajì. Ládiméjì nìkan ni kò ní àmì. Ọkùnrin yìí lágbára, iṣẹ́ kì í rẹ̀ ẹ́, àmọ́ ó gbéra ga, ó sì tún ń jowú. A máa ní, "Ta ni kò mọ Ládiméjì? Ẹni tó bá ń wá mi yóò béèrè mi."

Aládùúgbò tó sún mọ́ ọn jù ni Ìyá Dúró, opó kan tó ń gbin ẹ̀pà. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ó yọ táyà kẹ̀kẹ́ tí bàbá náà ń gùn, ó kùn ún ní búlúù, ó gbé e kọ́ ẹ̀ka igi oṣè ní oríta rẹ̀, ó sì gbé ìkòkò omi sábẹ́ rẹ̀ fún ẹni tí òùngbẹ bá ń gbẹ. Gbogbo awakọ̀ ló mọ ibẹ̀. Bí àwọn oníṣòwò ẹ̀pà bá ti ìlú bọ̀, ọ̀dọ̀ Ìyá Dúró ni wọ́n ń yà sí. Wọn kì í dé ọ̀dọ̀ Ládiméjì tí oko rẹ̀ wà níwájú díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀pà tirẹ̀ náà yọmọ dáadáa. Ọ̀rọ̀ yìí ń ká a lára.

Lọ́jọ́ kan tí Ìyá Dúró wà lóko, Ládiméjì gun igi oṣè, ó tú kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ó sì lọ gbé e kọ́ igi kan ní oríta tirẹ̀. Kò fọwọ́ kan ìkòkò omi. Ó wúwo jù.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọkọ̀ àwọn oníṣòwò yà wọ ilé rẹ̀.

"Ìyá Dúró ńkọ́?" ni wọ́n bi í.

"Ẹ jókòó ná," ni Ládiméjì fèsì. "Ẹ̀pà lẹ wá rà, àbí ìyá arúgbó?"

Ó da ẹ̀pà sílẹ̀ fún wọn, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

Kò mọ̀ pé ọkọ̀ mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn. Màmá rẹ̀, Ojúọlápé, ló ń bọ̀ wá kí i láti ìlú, Súlè awakọ̀ ló sì ń wà á bọ̀. Bí wọ́n ṣe rí kẹ̀kẹ́, Súlè fẹ́ yà.

"Má yà o!" ni Màmá ké. "Ọmọ mi kìlọ̀ fún mi nígbà tó wá sílé. Ó ní bí n bá rí kẹ̀kẹ́ búlúù, kí n kọjá, ilé opó kan nìyẹn. Ọ̀nà tó tẹ̀ lé e ni tirẹ̀."

"Màmá, mi ò rí ọ̀nà gidi níwájú mọ́ o."

"Ṣé ọmọ mi á parọ́ fún mi ni? Wakọ̀ lọ!"

Súlè wakọ̀ lọ. Ipa màlúù ni ọ̀nà tó tẹ̀ lé e, kò sì lọ sí ilé ẹnikẹ́ni. Kò pẹ́ tí táyà fi rì sínú iyanrìn. Oòrùn mú ganrínganrín, omi inú ike wọn tán, ẹnu Màmá sì gbẹ débi pé kò lè bá Súlè jà mọ́. Súlè bẹ̀rẹ̀ sí í fun fèrè ọkọ̀.

Lásìkò yẹn, Ìyá Dúró ń rìn lójú títì, ó ń wá kẹ̀kẹ́ ọkọ rẹ̀, kèrègbè omi wà léjìká rẹ̀. Ó rí i ní oríta Ládiméjì. Bó ti ń nawọ́ sí i ló gbọ́ fèrè láti inú ọ̀dàn. Ó wo kẹ̀kẹ́, ó wo ọ̀nà.

"Kẹ̀kẹ́ tí kò ní táyà ò lè sá lọ," ló wí, ó sì kọrí síbi tí fèrè ti ń dún.

Ó bá Màmá lábẹ́ igi kékeré kan, òòyì ti ń kọ́ ọ. Ó rọra fún un lómi mu, ó fi omi nù ún lójú. Nígbà tí Màmá lè sọ̀rọ̀, ó ní ilé Ládiméjì lòun ń lọ. Ìyá Dúró dì í lọ́wọ́ mú. Òun àti Súlè mú un lọ díẹ̀díẹ̀, wọ́n yà ní oríta tí kẹ̀kẹ́ búlúù wà, títí wọ́n fi dé ilé ọmọ rẹ̀.

Àwọn oníṣòwò ṣì ń wọn ẹ̀pà nígbà tí wọ́n wọlé. Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ Ládiméjì.

"Màmá! Kí ló ṣe yín?"

"Ọ̀rọ̀ rẹ ni mo tẹ̀ lé, mo kọjá kẹ̀kẹ́," ni Màmá dáhùn. "Bí kì í bá ṣe ìyá yìí, òkú mi lò bá rí. Ta ló gbé kẹ̀kẹ́ náà kúrò níbi tó wà?"

Ládiméjì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ìyá Dúró, ẹ dárí jì mí. Èmi ni. Owú ló ń jẹ mí."

Ìyá Dúró rẹ́rìn-ín. "Dìde, jàre. Ẹ̀pà rẹ mà dára. Ká ní o gbé àmì tìrẹ síta ni, ta ni ì bá kọjá rẹ?"

Màmá ò gbà kó parí síbẹ̀. Ó ní kí ọmọ òun ru kẹ̀kẹ́ náà padà sídìí igi oṣè lójú gbogbo èèyàn. Ládiméjì rù ú, pẹ́dàlì ń gbá a létí, àwọn oníṣòwò ń tẹ̀ lé e, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, òun náà bú sẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ sígbà náà tó fi wá ilẹ̀kùn páànù àtijọ́ kan, ó kùn ún ní pupa fòò, ó sì rì í mọ́lẹ̀ ní oríta rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí àwọn oníṣòwò bá ti ọ̀dọ̀ Ìyá Dúró kúrò, wọn a yà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tó bá yí àmì ọ̀nà padà nítorí owú kò mọ ẹni tí yóò ṣìnà. Ó lè jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn jù láyé. Ohun rere tó bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ gbé e síta, kí ẹ sì jẹ́ kí tẹni ẹlẹ́ni wà níbi tó wà. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra.