Ìdánwò Adétóún Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé

Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé, àwọn tó ti lé ní àádọ́rin ọdún máa ń tò síwájú ẹ̀rọ ìdánwò lẹ́nu ọ̀nà àdúgbò. Ẹ̀rọ náà á gbé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́wàá jáde, arúgbó á tẹ òdìkejì ọ̀kọ̀ọ̀kan; bó bá ṣi ẹyọ kan péré, ó ti kùnà nìyẹn. Ẹni tó bá kùnà lẹ́ẹ̀mẹta, ọkọ̀ funfun á gbé e lọ sí Ilé Àgbà, wọn kì í sì í rí i mọ́.

Adétóún ti kùnà lẹ́ẹ̀mejì. Yéwándé, ọmọ ọmọ rẹ̀, ń kọ́ ọ lórí ìlà.

“Màmá, ‘past’?”

“‘Future’.”

“‘Yesterday’?”

“‘Tomorrow’. Ìyá mi, o ti ń fohùn jọ ẹ̀rọ yẹn.”

Nígbà tó kàn án, ó gba mẹ́sàn-án. Ìkẹwàá ni ‘ancestor’, àwọn tó bí wa tí wọ́n ti lọ. Ó mọ̀ pé ‘descendant’, ọmọ tí a bí, ni ẹ̀rọ ń fẹ́. Ó nawọ́, ó wẹ̀yìn. Yéwándé dúró níbẹ̀ pẹ̀lú àmì dúdú létí ọ̀tún, irú èyí gan-an tó wà létí ìyá Adétóún nígbà tí wọ́n sin ín.

Adétóún tẹ “kò sí”. Iná pupa tàn.

“Màmá, ẹ mọ̀ ọ́n. A jọ kà á lánàá.”

“Mo mọ̀ ọ́n. Irọ́ ni wọ́n ní kí n pa mọ́ ọ.”

Olùṣọ́ ṣílẹ̀kùn ọkọ̀. Yéwándé di ìró rẹ̀ mú, kò fẹ́ fi í sílẹ̀.

“Fi mí sílẹ̀, ìyá mi,” ni Adétóún wí. “Tètè lọ́kọ, kí n lè rí ibi gbà padà wá.”