Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ Tí Kò Jọ Ti Ìyá Àgbà

Ojú ewé kan ṣoṣo ló kù kí áàpù orí fóònù náà tó parí. Rúùtù àti Khalilullah ni wọ́n jọ ń ṣe é fún àwọn tó ń pọntí nílé: èèyàn á rí bí wọ́n ṣe ń pọn ọ́n, á tọ́ tẹni ẹlẹ́ni wò, á sì fún un ní máàkì. Ìlọrin ni Khalilullah ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ọtí ò kan ètè rẹ̀ rí. Aṣọ tí kò ní wọ̀ ló ń rán. Ojú ewé tó kù jẹ́ ti ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ìyá àgbà Rúùtù ní Òmù-Àràn, kò sì sẹ́ni tó tún mọ̀ ọ́n pọn bíi tirẹ̀.

Ọwọ́ ìyá àgbà yìí ni Rúùtù dàgbà sí, kò mọ ìyá mìíràn. Àmọ́ ìyá àgbà ò lè dúró nídìí iná mọ́. Orí bẹ́ẹ̀dì ló ti ń kọ́ ọ bí àgbàdo ṣe ń hù lábẹ́ ewé, bí wọ́n ṣe ń sá a, bí wọ́n ṣe ń lọ̀ ọ́, àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n sẹ́ ẹ. Rúùtù á pọn ọ́n nílé rẹ̀ ní Àjàṣẹ́-Ìpo, á sì gbé e wá ní Sátidé fún un láti tọ́ wò.

"Ọ̀rọ̀ ọtí yìí nìkan ló dá mi dúró," ni ìyá àgbà máa ń sọ. "Ọjọ́ tó bá ti dùn lọ́wọ́ ẹ, iṣẹ́ mi parí nìyẹn. Bàbá yín ti ń retí mi lọ́run tipẹ́."

Rúùtù á kàn gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, á lọ fọ̀ ọ́.

Lọ́sẹ̀ yìí, àwọn ará ilé ní ìyá àgbà ò fẹnu kan oúnjẹ láti àná. Ó gba ife lọ́wọ́ Rúùtù, ó tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ sì le koko.

"Kí lèyí? Ó ti kan jù! Ṣé etí ẹ di ni? Mo ní o ò gbọdọ̀ jẹ́ kó pẹ́ kó o tó sẹ́ ẹ."

"Ẹ má bínú, Màámi. Mo tún ṣì í ṣe."

"Alákọ̀wé!"

Rúùtù fẹ́ gbé e jókòó, ìyá àgbà gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. Ìbínú gbé e dìde fúnra rẹ̀. Ó tún gbogbo ẹ̀kọ́ náà kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n gbé ògì gbígbóná wá nítorí ọ̀rọ̀ náà pọ̀. Ó mu ún tán.

Rúùtù ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ mọ́tò ni Khalilullah pè é.

"Ṣé ó ti bọ́ sí i?"

"Rárá. Kò jọ tiwọn."

"Rúùtù, àwọn tó fẹ́ lò ó ti ń bínú. Ẹ̀rù sì ń bà mí. Bí Màmá bá lọ láìjẹ́ pé o mọ̀ ọ́n pọn ńkọ́?"

"Jọ̀ọ́, má sọ bẹ́ẹ̀." Ó pa fóònù náà, ó sì sunkún dé Àjàṣẹ́.

Nílé, ó bu ife kan nínú ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tó ti ń dùn lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà àkọ́kọ́ tó ti pọn ọ́n, tó jọ ti ìyá àgbà gẹ́lẹ́, ó mu ún, ó nujú, ó sì da omi ògì kíkan sínú èyí tí yóò gbé lọ Òmù-Àràn ní Sátidé tó ń bọ̀.