Ibi Tí Tíṣà Ti Ń Kọ̀wé

Ní ọdún kejì tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ni wọ́n gbé Ọládọ̀tun, ọmọ Ọ̀yẹ́-Èkìtì, wá ṣe tíṣà ní Omifunfun. Owó epo rọ̀bì ti dé nígbà náà, mọ́tò ńlá ńlá ń sáré kọjá l'Ọ́rẹ̀ lọ sí Èkó àti Bìní. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá yà kúrò lójú títì wọ inú oko kòkó, ìdákẹ́jẹ́ ni yóò bá pàdé. Ọládọ̀tun kò mọ ẹnì kankan níbẹ̀.

Opó àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Bándélé ló ní yàrá tó ṣófo. Ó wo tíṣà láti òkè délẹ̀.

"Ìyàwó rẹ dà? Èmi kì í gba àpọ́n sílé o."

Ìtàn ni Ọládọ̀tun máa ń kọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé ìròyìn kankan kò tíì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin kan wà nínú èyí tó ń kọ lọ́wọ́, Lydia lorúkọ rẹ̀.

"Lydia wà n'Íbàdàn, Màmá," ó ní. "Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń kọ́. Bó bá parí, á wá."

"Ó dáa. Ọmọ tèmi náà ò sí nítòsí. Wàrí ni Bándélé mi wà, nídìí iṣẹ́ epo."

Bí tíṣà ṣe rí ilé gbé nìyẹn.

Pèpéle simẹ́ǹtì kan wà lẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, irú èyí tí àwọn olóko ń sá kòkó sí. Èéhù ti bò ó. Orí ẹní ní ojúde ni Ìyá Bándélé ń sá kòkó tirẹ̀ sí, ṣùgbọ́n láràárọ̀, orí pèpéle náà ló kọ́kọ́ ń gbá kó tó kan ibòmíràn. Níbẹ̀ ni Ọládọ̀tun ń jókòó sí nírọ̀lẹ́ láti kọ̀wé. Ohun tó bá kọ, á kà á sókè fún ara rẹ̀, nítorí kò sí ẹlòmíràn tí yóò kà á fún. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀, Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó wò ó títí.

"Ṣé kí n dìde ni, Màmá?"

"Jókòó. Ó dáa kí èèyàn máa rí ẹni bá jókòó."

Màmá ń béèrè Lydia, tíṣà ń dáhùn. Bó bá lọ s'Ọ́rẹ̀ ní Sátidé, á ra búrẹ́dì bọ̀, á ní Lydia ló fi rán awakọ̀. Màmá náà á di púpúrù, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ilẹ̀ náà, fún un pé kó fi ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀. Àwọn aláàárù ìdíkọ̀ ló ń fi í ta lọ́rẹ, ojú a sì máa tì í.

Lọ́jọ́ kan, ó ní ìdánwò tí Lydia ṣe ò rọrùn rárá. "Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀," ó fi ṣàwàdà, bí gbogbo ayé ṣe ń sọ ọ́ láti ìgbà ogun abẹ́lé. Màmá dìde, ó fi ọbẹ̀ sílẹ̀ lórí iná, ó wọ yàrá lọ. Ọbẹ̀ náà jóná.

Nígbà tó yá, bí Màmá ṣe gbá orí pèpéle tán láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, "Bándélé rí ìyàwó rẹ."

"Ta ni?"

"Lydia. Ó ní ó ga, ó ń fi ẹsẹ̀ òsì tiro díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ẹ̀ dùn."

Ọládọ̀tun yí padà wò ó. Kò sọ fún ẹ̀dá kan rí pé Lydia ń tiro. Inú ìtàn nìkan ló wà, Màmá kò sì mọ̀wé kà.

Láti ìgbà náà, ìròyìn ń wá láàárọ̀. Bándélé ra aṣọ fún Lydia. Lydia ní kí tíṣà máa wọ súwẹ́tà, ọyẹ́ ti dé. Ẹ̀rù kọ́kọ́ ń bà á, nígbà tó ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í retí ìròyìn náà kó tó jẹun. L'Ọ́rẹ̀, á máa wo ojú àwọn obìnrin tó ga tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Ó tẹ̀lé ọ̀kan tó ń tiro títí obìnrin náà fi wọ ọkọ̀ Bìní lọ, ó sì dá dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n já sílẹ̀.

Ó bi Babalọlá, katikíìsì ìjọ, léèrè bóyá ó mọ Bándélé. Babalọlá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń tún okùn bàtà rẹ̀ so.

"Èmi ni mo kọ́ Bándélé ní ábídí. Tíṣà, bí Màmá bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ fún ọ, ṣáà máa gbọ́."

Kérésì kù sí dẹ̀dẹ̀. Màmá ní, "Bándélé ń bọ̀ wá ṣọdún, òun ló máa gbé Lydia bọ̀. Bá mi ra ẹfun bọ̀ l'Ọ́rẹ̀."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń lé e bá. Ọládọ̀tun di ẹrù rẹ̀ pé òun ò ní padà mọ́. Ó ra ẹfun náà, ó dúró ti ọkọ̀ Àkúrẹ́ tó ń kérò. Ṣùgbọ́n ta ló ń retí rẹ̀ l'Ákùúrẹ́? Omifunfun nìkan ni ẹnì kan ti máa ń bi í bóyá ó ti jẹun. Bó bá sì wá ṣe pé Lydia ń bọ̀ lóòótọ́ ńkọ́? Ó gbé àpótí rẹ̀, ó padà.

Ó bá Màmá lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó ń fi kànrìnkàn fọ pèpéle.

"Màmá, ẹ dákun, irọ́ ni mo pa fún yín. Kò sí Lydia níbì kankan."

"Mo mọ̀," Màmá ní, kò gbójú sókè. "Ṣé inú ilé ìdáná kọ́ ni mo máa ń wà tí o bá ń kàwé ẹ?"

"Ta wá ni Bándélé rí?"

Màmá gba ẹfun lọ́wọ́ rẹ̀, ó sún kí àyè lè gbà á láti jókòó, Ọládọ̀tun sì rí ohun tí ẹnì kan ti fi ìka kọ sára simẹ́ǹtì náà nígbà tó ṣì tutù, tí èéhù bò mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá: BÁNDÉLÉ, SÙN RE O, 1967.